Bí ṣọ́ọ̀bù yín ṣe lè padà sórí Google Maps

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìdààmú. Ẹ ní Google ti dá ojú ìwé ṣọ́ọ̀bù táyà yín n'Íbàdàn dúró, ẹ sì ń bèèrè bóyá kí ẹ ṣí tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é! Ẹjọ́ ló máa dá kún ẹjọ́.

Orúkọ ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú ìwé náà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Tí ẹ bá ti fi "táyà olówó pọ́ọ́kú Ìbàdàn" kún un, ẹ yọ ọ́. Orúkọ ara pátákó yín nìkan ni wọ́n fẹ́.

Kí ẹ tó kọ ẹ̀bẹ̀ sí Google pé kí wọ́n dá ojú ìwé náà padà, ẹ ti ya fọ́tò ìwé ẹ̀rí CAC (ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò yín lọ́dọ̀ ìjọba) àti bíìlì iná sórí fóònù. Ìṣẹ́jú 60 péré lẹ ní láti fi ẹ̀rí ránṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Àdírẹ́sì inú ìwé méjèèjì gbọ́dọ̀ bá ti orí Google mu.