Ẹ̀jẹ̀ ti dá, ṣé mo lè lo diclofenac?

Àbúrò mi, o ní ẹ̀jẹ̀ tó ń bá ìgbẹ́ rẹ jáde ti dá látìgbà tí o ti ń lo mesalazine, oògùn tó ń mú kí ìfun tó wú rọlẹ̀, àmọ́ orúnkún ń dùn ọ́, o sì fẹ́ mọ̀ bóyá o lè lo diclofenac, oògùn apàrora, díẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, má tíì gbé e sẹ́nu. Ọdún kẹsàn-án rèé tí èmi náà ti ní ulcerative colitis, àìsàn tó ń mú kí ìfun ńlá wú, kó sì gbọgbẹ́. Diclofenac yìí ló dá mi padà sórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

Ẹ̀yìn ló ń dùn mí nígbà náà. Mo ra á ní kẹ́mísì, ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè ohunkóhun, mo lò ó fún ọjọ́ mẹ́fà. Nígbà tó di ọjọ́ keje, mo yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá, ẹ̀jẹ̀ sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Dókítà mi ló fi sùúrù là mí lọ́yẹ̀. Ìpele sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló tẹ́ inú ìfun wa, ara sì ń pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ 3 sí 5. Tó bá gbọgbẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì á máa pàrokò síra wọn. Àrokò àkọ́kọ́ ń pe ọmọ ogun, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń jẹ́ neutrophil, wọn kì í sì í pẹ́ kú. Macrophage, sẹ́ẹ̀lì mìíràn tó ń gbèjà ara, ló ń gbé òkú wọn mì, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń yí padà: kò ní í pe ogun mọ́, á máa tú interleukin-10 jáde, tó ń sọ fáwọn yòókù pé kí wọ́n sọ ohun ìjà kalẹ̀. Ní 1993, àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì ròyìn àwọn eku tí kò ní interleukin-10 lára. Ṣe ni ìfun wọn wú. Iná inú ìfun kì í ṣàdédé kú o, pípa ni ara ń pa á.

Prostaglandin, èròjà kan tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, wà lára ohun tó ń jẹ́ kó o gbọ́ ìrora yẹn, diclofenac àti ibuprofen sì ń dínà mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n prostaglandin E2 yìí kan náà ló ń sọ fún ìfun pé kó tún ara rẹ̀ ṣe, òun náà ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lipoxin tó ń dá neutrophil lẹ́kun. Ìránṣẹ́ tó gbé ìrora wá ló gbé ìwòsàn dání. Òótọ́ ni pé àwọn kan lò ó tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n, àmọ́ èmi ò lè gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kó o dán an wò.

Bi dókítà rẹ nípa paracetamol, kó o sì sọ ti orúnkún yẹn fún un, torí àìsàn ìfun yìí fúnra rẹ̀ máa ń mú oríkèé dunni. Ní kí wọ́n fi ìgbẹ́ rẹ ṣe àyẹ̀wò calprotectin. Ara neutrophil ló ti ń jáde, ó sì ń fi hàn bóyá ogun ṣì ń lọ nínú lọ́hùn-ún. Oṣù méjì lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ tèmi ti dá, 640 ló ṣì wà, bẹ́ẹ̀ 50 ló yẹ kó má kọjá. Má fi mesalazine sílẹ̀. Tí èsì bá jáde, kọ ọ́ síbí ká jọ wò ó.