Ẹ Bi Wá: Resolution wo ni wọ́n ń sọ gan-an?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ tẹ fọ́tò bàbá mi sára bánà fún ọjọ́ ìbí 80 ọdún wọn, ni àwọn tó ń bá wa tẹ̀ ẹ́ bá ní resolution rẹ̀ kéré. Ọmọ mi ní SS2 ní tíṣà Biology àwọn náà sọ resolution maikirosíkópù. Nígbà tó dalẹ́, rédíò tún ní Sẹ́nétì ti pass resolution. Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni? — Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire bàbá o, wọ́n á tún pẹ́ sí i fún yín. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mà. Inú èdè Látìn ló ti wá, resolvere, ìyẹn ni kéèyàn tú nǹkan, bí ẹ ṣe ń tú okùn tó ta kókó.

Tíṣà yẹn ń sọ ti ojú. Tí nǹkan méjì bá sún mọ́ra gan-an, ṣé ẹ lè yà wọ́n sọ́tọ̀ àbí ẹyọ kan lẹ máa rí? Ernst Abbe, ará Jámánì, ló ṣàlàyé ẹ̀ lọ́dún 1873 pé ìmọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀ ló ń dí wa lọ́wọ́, kò sí bí lẹ́ńsì ṣe lè dáa tó, tẹ́ẹ bá pín mìlímítà kan sọ́nà 5,000, nǹkan méjì tó bá sún mọ́ra ju ìdá kan yẹn lọ á dà pọ̀ mọ́ra ni, ẹ lè sọ ọ́ di ńlá títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní mọ́ sí i. Ìdí tí maikirosíkópù iléèwé ò fi lè fi ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì hàn wá nìyẹn.

Ohun tó ṣe fọ́tò bàbá náà nìyẹn. Fọ́tò tó fẹ̀ ní ínṣì 4, tó gùn ní ínṣì 6, tó máa mọ́ dáadáa nílò bíi pixel (àwọn àmì kéékèèké aláwọ̀ tó para pọ̀ di fọ́tò) 1,200 ní ìbú àti 1,800 ní gígùn, bánà ò le tó bẹ́ẹ̀ torí òkèèrè la ti ń wò ó, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí fóònù láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì, ó ti lè súnkì, pixel tó bá sì ti lọ ò ṣeé dá padà.

Ti òṣèlú, ọ̀rọ̀ tó ta kókó ni wọ́n tú títí wọ́n fi fẹnu kò. Kì í ṣe òfin o! Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ìjọba lè má tẹ̀ lé, inú mi kì í sì í dùn sí bí rédíò ṣe máa ń kà á bíi pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí February 9, 2010, Ààrẹ Yar'Adua wà lórí àìsàn ní Saudi Arabia látoṣù November, wọn ò kọ lẹ́tà tí òfin ní kí wọ́n kọ sáwọn aṣòfin pé àwọn ò sí lẹ́nu iṣẹ́, resolution làwọn aṣòfin fi sọ igbákejì wọn, Goodluck Jonathan, di adelé ààrẹ. Ìyẹn wúwo.

Ẹ wá ẹni tó ya fọ́tò yẹn gan-an, kó fi í ránṣẹ́ bíi document kó má bàa súnkì, kẹ́ ẹ tó sanwó bánà.