Ẹ Bi Wá Léèrè: Odídẹ Tí Àìsàn Rẹ̀ Kò Lọ Bọ̀rọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà òjò ni ohùn odídẹ wa ti há, bó bá sì ń mí, ìrù rẹ̀ á máa lọ sókè sódò. Dókítà ẹran ya fọ́tò àyà rẹ̀, ó ní èbu kan tí wọ́n ń pè ní Aspergillus wà nínú àpò afẹ́fẹ́ rẹ̀, ó sì ní ká máa fún un ní itraconazole, oògùn tó ń pa èbu, fún oṣù mélòó kan. Báwo la ṣe máa tọ́jú rẹ̀ nílé? Ṣé kò ní ràn wá? (Ìyá Ìbejì, Ọjà Ọba, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Kò ní ràn yín, mà. Aspergillus kì í ti ara ẹyẹ bọ́ sára ènìyàn. Ara ohun tó ti bu ló ti ń wá: ẹ̀pà, àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa, ìyẹ̀fun pákó tó rin nílẹ̀ kéèjì. Ẹ kó ìyẹ̀fun pákó yẹn dànù lónìí. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni kí ẹ tẹ́, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ láràárọ̀. Ẹ̀pà ńkọ́? Ẹ má fún un mọ́ rárá, nítorí èyí tó mọ́ lójú lè ti bu nínú. Ẹ fún un ní ẹyìn tó pọ́n, ìbẹ́pẹ, ata àti ewé ùgwú. Fítámì A pọ̀ nínú ẹyìn, òun ló sì ń dáàbò bo awọ inú imú àti ọ̀nà ọ̀fun ẹyẹ. Oúnjẹ tútù tó bá ti lo wákàtí 2 nínú kéèjì, ẹ kó o kúrò.

Ẹ gbé kéèjì jìnnà sí ilé ìdáná, jẹnẹrétọ̀ àti kọ́ìlì ẹ̀fọn. Páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ ló burú jù: bó bá gbóná kọjá ààlà, èéfín tí ẹ̀yin ò tiẹ̀ ní gbóòórùn lè pa ẹyẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ènìyàn méjì ni kó máa fún un lóògùn. Ẹnì kan á fi táwẹ̀lì wé e, á di orí rẹ̀ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò sì gbọdọ̀ tẹ àyà rẹ̀. Àyà ẹyẹ gbọ́dọ̀ máa lọ síwájú sẹ́yìn kó tó lè mí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ ti pa á nìyẹn. Ẹnì kejì á ti síríǹjì 1 ml tí kò lábẹ́rẹ́ bọ ẹ̀gbẹ́ òsì ẹnu rẹ̀, á dojú rẹ̀ kọ ọ̀tún, á máa kán an díẹ̀díẹ̀, kó lè gbé e mì. Bó bá ti ń lanu mí kí ẹ tó mú un, ẹ fi í sílẹ̀ kó sinmi ná.

Itraconazole máa ń le fún odídẹ ju fún ọ̀pọ̀ ẹyẹ mìíràn. Bó bá kọ oúnjẹ tàbí tó ń bì, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà, ó lè pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má dá a dúró fúnra yín nítorí pé ohùn ti là: iṣan ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀ lára àpò afẹ́fẹ́, oògùn kì í tètè débẹ̀.

Ẹ ra òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù. Láràárọ̀, lẹ́yìn tó bá ti yàgbẹ́ àkọ́kọ́, kó tó jẹun, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyẹ́ máa ń bo rírù mọ́lẹ̀, ẹyẹ sì máa ń díbọ́n pé ara òun yá. Odídẹ tó jẹ́ gíráàmù 450, bó bá já sí 405, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ wo ìgbẹ́ náà pẹ̀lú: ibi tó yẹ kó funfun, bó bá ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè tàbí tó di àwọ̀ ewé, ó lè jẹ́ ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

Lálẹ́ ọyẹ́, ẹ fi aṣọ bo ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta kéèjì, kí ooru ibẹ̀ wà láàárín 27 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ bu omi gbígbóná sínú ìgò, kí ẹ fi aṣọ wé e. Ẹ má gbé èédú tàbí àtùpà sítòsí rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Odídẹ mi já bọ́ lórí igi, gìrì sì mú un lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù yìí. Àgbàdo àti ẹ̀pà ló ń jẹ, ẹ̀bá wíńdò onígíláàsì ló wà. Wọ́n ní wárápá ni. (Bàbá Ṣọlá, Oǹdó)

ÌDÁHÙN: Ó lè má jẹ́ wárápá, sà. Kálísíọ̀mù tó dínkù lẹ́jẹ̀ ló sábà máa ń ṣe odídẹ báyìí. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Hóró àgbàdo àti ẹ̀pà kò ní kálísíọ̀mù tó, gíláàsì sì ń dènà apá oòrùn tó ń jẹ́ kí ara ṣe fítámì D3, èyí tí ara fi ń gba kálísíọ̀mù. Ẹ máa gbé kéèjì síta láàárọ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ìdajì rẹ̀ wà lábẹ́ ìbòòji, kí ẹnìkan sì jókòó tì í nítorí ológbò. Ẹ se èèpo ẹyin fún ìṣẹ́jú 10, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ wọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ sórí ìbẹ́pẹ. Ẹ má fún un ní D3 ènìyàn. Bó bá pọ̀ jù, kídìnrín ni yóò bà jẹ́.

Bí gìrì bá tún mú un, ẹ yọ igi ìdúró kúrò, ẹ tẹ́ aṣọ sísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ibẹ̀ ṣókùnkùn. Ẹ má da omi sí i lẹ́nu. Bó bá ti rọlẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn. Abẹ́rẹ́ kálísíọ̀mù ló máa ń tètè gbà á sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé a lè fún odídẹ tó ń ṣàìsàn lágbo? Píà ńkọ́? (Òǹkàwé, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Rárá sí méjèèjì. Ọtí tàbí kán-ún inú agbo tó pọ̀ díẹ̀ fún ènìyàn ti pọ̀ jù fún ẹyẹ tí kò tó ìdajì kílò. Píà máa ń ba ọkàn ẹyẹ jẹ́, ó sì lè pa á láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé ilé.