Òróró iyèré ìgò méjì, ọ̀kan ò ta lẹ́nu: èwo ni ayédèrú?

Ìbéèrè: Mo ń ta èròjà ọbẹ̀ ní Ṣàgámù. Mo ra òróró iyèré lọ́wọ́ ẹni méjì. Ti àkọ́kọ́ mọ́ bí omi, ó ń ta sánsán, àmọ́ nígbà tí mo tọ́ ọ wò, kò ta rárá. Èkejì ki, ó dúdú díẹ̀, ó sì ń ta lẹ́nu bí iyèré gan-an. Èyí tí kò ta yẹn ló wọ́n jù. Ṣé wọn ò ti lù mí ní jìbìtì?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Ẹ má tíì bá ẹnikẹ́ni jà. Ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń mú iyèré ta sánsán, ọ̀tọ̀ ni èyí tó ń ta lẹ́nu. Òórùn rẹ̀ máa ń fò bá oru omi lọ. Piperine ló ń ta, òun náà ló wà nínú ata dúdú. Ó máa ń dì wóró wóró bí iyọ̀, ooru gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 130°C kó tó yọ́. Tí wọ́n bá wá fi oru gba òróró lára iyèré gígún, òórùn nìkan ni oru ń gbé jáde. Nígbà kan tí a ṣe é níbi iṣẹ́ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo fi ìka kan pàǹtí tó kù nínú ìkòkò, mo tọ́ ọ wò. Omi lé sójú mi.

Èkejì, ó jọ pé ọtí sípírítì ni wọ́n fi rẹ iyèré, tí wọ́n wá jẹ́ kí ọtí náà fò lọ. Ìyẹn ń kó àtòórùn àtohun tó ń ta lẹ́nu. Àbí òróró ẹ̀pà ni wọ́n rẹ ẹ́ sí, ibẹ̀ ni ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra.

Ẹ kán méjèèjì sórí ìwé funfun di ọjọ́ kejì. Èyí tó mọ́ yẹn yẹ kó gbẹ láìfi àbàwọ́n sílẹ̀. Tó bá fi sílẹ̀, wọ́n ti fi òróró mìíràn là á. Ti èkejì á fi àbàwọ́n sílẹ̀ dandan, nítorí náà ìwé ò lè tú àṣírí ẹ̀pà inú rẹ̀. Ilé àyẹ̀wò ló lè ṣe ìyẹn: wọ́n á wo bí kọ́sítíìkì pọ́táàṣì tó máa sọ ọ́ di ọṣẹ ṣe pọ̀ tó. Ti òróró ẹ̀pà kì í sábà kúrò láàrin mílígíráàmù 187 sí 196 fún gíráàmù òróró kan. Òórùn tí oru gbé jáde kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọṣẹ rárá.

Àwọn kan á ní kí ẹ kán an sómi, pé ojúlówó ló ń rì. Irọ́ ni. Ti kànáfùrù ló ń rì; ti iyèré ń léfòó, ẹ̀pà náà ń léfòó.

Ìgò dúdú ni kí ẹ rọ wọ́n sí, kó kún dé ọrùn, kí atẹ́gùn má ráyè. Ẹ má lo ike. Tí ẹ bá ń se ìkọ́kọrẹ́, èyí tó ki ni kẹ́ ẹ fi sí i lórí iná. Ti àkọ́kọ́, ẹ̀kán kan péré nígbà tí ẹ bá ti sọ ìkòkò kalẹ̀.