Kí ló sọ Ìjàpá wa di tín-ín-rín lórí tẹlifíṣàn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Èmi àti àbúrò mi ṣe kàtúùnù Ìjàpá kan, ìṣẹ́jú 10. 1920 × 1080 la fi ṣe é, férémù 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan gbà láti fi í hàn, ṣùgbọ́n wọ́n ní PAL (ìlànà tẹlifíṣàn àtijọ́ nílẹ̀ wa) 720 × 576, 4:3 (fífẹ̀ 4 sí gíga 3), làwọn ń gbà. A yí i padà, a gbé e fún wọn. Nígbà tó jáde, Ìjàpá gbẹ bí ẹni tí kò jẹun láti èṣí, òṣùpá sì dà bí ẹyin tó nàró. Níbo la ti ṣì í ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà. Òṣùpá yẹn ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ti Ìjàpá, wọ́n lè ní bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe yà á. Ta ni yóò ya òṣùpá bí ẹyin?

Àwòrán 16:9 lẹ ṣe. Nígbà tí ẹ ní kí sọ́fítíwíà sọ ọ́ di 720 × 576, ó gbọ́ràn, ó fún un pọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Tẹlifíṣàn ì bá nà án padà, àmọ́ 4:3 ni wọ́n sọ fún un, ibẹ̀ ló sì nà án dé. Ohun tó yẹ kó fẹ̀ tó 4 wá kù sí 3.

Ẹ ó ní, ṣé 720 × 576 gan-an kọ́ ni 4:3? Rárá o. Ẹ pín in wò: 1.25 ni, 4:3 sì jẹ́ 1.33. Pixel ni àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán. Ti kọ̀ǹpútà dọ́gba bíi táìlì ilé, ti PAL kò dọ́gba. Tẹlifíṣàn àtijọ́ kò mọ pixel, ìlà ló mọ̀: 576 tó ń gbé àwòrán nílẹ̀ wa àti ní Yúróòpù, nǹkan bíi 480 ní Amẹ́ríkà. Ní 1982 tí wọ́n fẹnu kò lórí bí ìlà wọ̀nyẹn ṣe máa di nọ́ńbà, 720 kan náà ni wọ́n fún ìlà kọ̀ọ̀kan níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ojú tẹlifíṣàn kan náà, 720 kan náà, iye ìlà yàtọ̀: pixel ò ní ibi tó máa gbà dọ́gba. Tiwa fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ, tiwọn ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ.

Fún 4:3 PAL, pixel fẹ̀ tó 16/15 gíga rẹ̀; fún 16:9, ó tó 64/45. Tí ẹ bá rí 1.09 tàbí 1.46 nínú sọ́fítíwíà After Effects, ẹ má dààmú. Ó ka bèbè 720 náà mọ́ ohun tí kì í ṣe àwòrán ni. Ẹ ṣáà má po ìṣirò méjèèjì pọ̀ nínú iṣẹ́ kan.

Níwọ̀n bó ti jẹ́ 4:3 ni wọ́n ní kẹ́ ẹ mú wá, ọ̀já dúdú lókè àti nísàlẹ̀ ni tèmi. Àwòrán máa gba ìlà 432, ọ̀já kọ̀ọ̀kan á gba 72. Tó bá jẹ́ sọ́fítíwíà ffmpeg lẹ fi ń yí fídíò padà:

-vf "scale=720:432,pad=720:576:0:72,setsar=16/15"

Àwọn kan máa ń gé ẹ̀gbẹ́ dànù. Ìdá mẹ́rin fífẹ̀ àwòrán, ìdá kan ló ń bá a lọ. Tí Erin bá wà lápá òsì, tí Ìjàpá wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan nínú wọn á máa sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ilé. Ọ̀nà kẹta ni kí ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe fún pọ̀ yẹn, kí ẹ wá kọ ọ́ sínú fáìlì pé 16:9 ni. Ohun tí mo máa ń ṣe fún DVD nìyẹn, torí ìlà 576 ló ń ṣiṣẹ́ látòkè délẹ̀. Fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó dán an wò. Mo gbé irú rẹ̀ fún àwọn kan rí, ẹ̀rọ wọn ò ka àkọlé náà rárá, bí ìyàwó inú eré ṣe di igi ìgbálẹ̀ nìyẹn.

Ibi tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ tí a kọ sórí àwòrán. Lẹ́tà tó ga tó 40 nínú 1080 á ṣẹ́ kù sí 16. Àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ ló ń kọ́kọ́ pòórá: «ọkọ mi dé» á di «oko mi dé» lójú ọmọ tó ń kàwé. Ẹ tún àwọn ọ̀rọ̀ náà kọ, kí wọ́n tóbi dáadáa, kí wọ́n má sì sún mọ́ etí. Ìlà tín-ín-rín tó dùbúlẹ̀ náà á máa ṣẹ́jú pàkò lórí tẹlifíṣàn àtijọ́. Ẹ jẹ́ kó nípọn díẹ̀.

Férémù 24 yín gbọ́dọ̀ di 25. Tí ẹ bá kàn mú un yára, ìṣẹ́jú 10 á di ìṣẹ́jú 9 àti ìṣẹ́jú àáyá 36, ohùn á sì ròkè díẹ̀ àfi tí ẹ bá tún un ṣe.

Kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, ẹ wọn òṣùpá yẹn nínú fáìlì. Tó bá jẹ́ 500 sí 500 lẹ yà á, 188 ní fífẹ̀ àti 200 ní gíga lẹ máa bá. Ó máa ṣe yín bíi kẹ́ ẹ tún un ṣe. Ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ẹ gbé fáìlì náà sórí tẹlifíṣàn gidi, kẹ́ ẹ fi rúlà wọn òṣùpá lójú gíláàsì.