Ìbéèrè Òǹkàwé: Ta Ló Dá Ẹrú Sílẹ̀ Gan-an?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àwọn ọmọ mi wo 1776, fíìmù olórin tó jáde ní 1972 nípa bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe kéde òmìnira wọn. Nínú rẹ̀, Thomas Jefferson, ẹni tó kọ ìkéde náà, sọ pé òun ti pinnu láti dá àwọn ẹrú òun sílẹ̀, John Dickinson, aṣojú ìpínlẹ̀ Pennsylvania tó tako ìkéde náà, sì dà bí ọ̀tá ìlú. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́? (Òǹkàwé yín, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹrú tí Jefferson ní láyé rẹ̀ lé ní 600, méjì péré ló sì dá sílẹ̀ kó tó kú ní 1826. Ó fi ìwé ìhágún dá márùn-ún sí i sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1827, wọ́n kó nǹkan bí 130 èèyàn síta ní Monticello, oko Jefferson, wọ́n sì tà wọ́n nítorí gbèsè tó jẹ sílẹ̀. Dickinson tí ẹ rí bí ọ̀tá yẹn ló kọ ìwé ìdásílẹ̀ aládèéhùn fún àwọn ẹrú tirẹ̀ ní 1777, tó sì yọ̀ǹda àwọn tó kù pátápátá ní 1786. Wọ́n bọ́ agbádá lọ́rùn ẹni tó rà á, wọ́n gbé e wọ ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ìbò òmìnira ló tilẹ̀ ká mi lára jù. Aṣojú mẹ́ta péré ni fíìmù náà fún Pennsylvania, ó sì jẹ́ kí Dickinson fàáké kọ́rí títí tí James Wilson, aṣojú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n sọ di ojo, fi yí ìbò rẹ̀ padà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti 1774 ni Wilson ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì kò láṣẹ kankan lórí àwọn ará Amẹ́ríkà. Lóòótọ́ ni Dickinson sọ pé àkókò kò tíì tó, níwọ̀n bí wọn kò ti rí orílẹ̀-èdè kankan tí yóò tì wọ́n lẹ́yìn; ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1776, òun àti Robert Morris, aṣojú Pennsylvania mìíràn, mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún ìjókòó náà, àwọn aṣojú Pennsylvania márùn-ún tó kù dìbò, mẹ́ta sí méjì, òmìnira sì wọlé. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Dickinson ti kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ sí New Jersey.

Kò fọwọ́ sí ìkéde náà rí. Orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà ti 1787 ṣá, George Read, aṣojú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ló sì bá a kọ ọ́, nítorí àìsàn ti lé e lọ sílé.