Ṣé Mectizan ń wo jẹjẹrẹ?

Ìbéèrè: Okun o, mà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní jẹjẹrẹ ọyàn, wọ́n sì ti ń tọ́jú rẹ̀ ní Ìlọrin. Ọmọ wa kan fi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, wọ́n ní àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí i pé Mectizan tí wọ́n máa ń pín fún wa yìí ń pa jẹjẹrẹ. Hóró díẹ̀ wà nílé tí a ò lò. Ṣé ká máa fún un, ká fi ti ọsibítù sílẹ̀? (Òǹkàwé kan, Ìsánlú)

Ìdáhùn: Okun o, ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn. Ẹ má fún un, ẹ má sì jẹ́ kó pa ọjọ́ kankan jẹ ní Ìlọrin.

Mo mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi wọ̀ yín létí. Ta ni ò mọ Mectizan ní Yàgbà? Ivermectin ni oògùn inú rẹ̀. Láti 1987 ni Merck tó ń ṣe é ti ń fi í tọrẹ nítorí àrùn tó ń fọ́ ará etí odò lójú, àwọn méjì tó ṣàwárí rẹ̀, William Campbell àti Satoshi Ōmura, sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Oògùn gidi ni. Ṣùgbọ́n aràn ni iṣẹ́ rẹ̀, ìyá aràn gan-an kì í sì í kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń pa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pín in lọ́dọọdún.

Ìròyìn yẹn ní orísun o. Wọ́n da ivermectin sórí jẹjẹrẹ tí wọ́n ń sìn nínú abọ́ ní láàbù, ó kú. Wọ́n fún eku, kókó ara àwọn kan nínú wọn sún kì. Lára èèyàn, ìdánwò kékeré ni àwọn onímọ̀ ṣì wà. Ẹni tó ṣe fídíò ló fò ó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ da omi iyọ̀ tó le sínú abọ́ yẹn, jẹjẹrẹ á kú pẹ̀lú. Ìwọ̀n tí ara èèyàn lè gbà ni wàhálà ibẹ̀.

A ṣáà ti rí irú rẹ̀ rí. Ní 2020, láàbù kan ní Ọsirélíà ní ivermectin pa kòrónà nínú abọ́. Èyí tí wọ́n lò fi ọ̀pọ̀ ìlọ́po ju ohun tó ń wọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó gbé hóró rẹ̀ mì bó ṣe yẹ, àmọ́ gbogbo ayé ti ń wá a kiri. Ìwádìí kan láti Íjíbítì ní ó ń gba ẹ̀mí là. Wọ́n fà á sẹ́yìn ní 2021 nígbà tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò bára mu. Ni wọ́n bá dán an wò dáadáa ní Brazil lára èèyàn 1,358: ìdajì gba ivermectin, ìdajì gba hóró tí kò sí oògùn nínú rẹ̀, aláìsàn kankan ò sì mọ èyí tí wọ́n fún òun. Àwọn tó dèrò ọsibítù, tàbí tí wọ́n dá dúró ní ẹ̀ka pàjáwìrì, jẹ́ 100 lápá ivermectin, 111 lápá kejì. Lára èèyàn tó pọ̀ tó báyẹn, irú àlàfo bẹ́ẹ̀ kò ju kòńgẹ́ lọ.

Ti jẹjẹrẹ, ìdánwò ńlá tó fi hàn pé ivermectin wo èèyàn sàn kò tíì sí. Ẹ bi ọmọ yín tó fi fídíò ránṣẹ́: èèyàn mélòó ló lò ó, kí ni wọ́n sì fi wọ́n wé? Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń jẹ́rìí, ẹ béèrè bóyá onítọ̀hún ti ṣiṣẹ́ abẹ kó tó lò ó.

Ọ̀pá tí wọ́n máa ń fi wọn gíga yín níbi pípín kì í ṣe eré. Òun ló ń sọ iye hóró tí ẹ máa lò, láti 1 dé 4, lẹ́ẹ̀kan náà. Àpọ̀jù rẹ̀ ń fa òòyì, èébì, gìrì, èèyàn tilẹ̀ lè dákú. Èyí tí wọ́n ń gún fún màlúù, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ rárá.

Ẹ kó hóró tó kù fún ẹni tó ń pín in ládùúgbò. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá sì ti gbé díẹ̀ mì, ẹ sọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ tó lò ó fún dókítà rẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní oògùn mìíràn.